Ta ni yóò gbè é? Ìdáhùn fún akọrin kan ní Kétu

Ìbéèrè kan wọlé sí mi láti Kétu, ní Benin níbí. Mo gé e kúrú díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ ọ́ ni:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la jọ ń kọrin. Ọ̀kan ń ta gìtá, èkejì ń lu ìlù, èmi ni mo ń lé orin. Orin ilẹ̀ wa níbí là ń kọ, a kàn ń fi gìtá sí i ni. Mo wà nínú gúrúùpù WhatsApp àti ti Facebook tó lé ní ogún. Bí orin wa bá ti jáde, mo máa ń fi líǹkì rẹ̀ sí gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n tiẹ̀ yọ mí kúrò nínú ọ̀kan, wọn ò sọ ìdí. Báwo la ṣe máa rí àwọn tó máa fẹ́ràn orin wa, ká sì rí àwọn olórin bíi tiwa tá a lè jọ ṣiṣẹ́? Ẹnì kan ní tá a bá san 50,000 sẹ́fà, òun á gbé wa dé etí àwọn èèyàn. Ṣé ká san án?”

Àbúrò mi, o kú ìfaradà. Ẹ má san owó yẹn. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Mo gbọ́ orin méjèèjì tó o fi ránṣẹ́. Ohùn rẹ dùn, ìlù yẹn sì wọlé dáadáa. (Gìtá bo ohùn mọ́lẹ̀ nínú èkejì, ẹ lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lo bi mí.) Kì í ṣe orin ló lé àwọn èèyàn sá. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ò ń lé orin níbi tí kò sí ẹlẹ́gbè.

Ọmọ Kétu ni ọ́, o ti dúró rí lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, alẹ́ orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Akọrin á lé e, àwọn èrò á gbè é. Bí orin bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á ní kó tún un lé, á sì máa tún un lé títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Bí wọn ò bá gbè é, kò dìgbà tí ẹnì kan bá sọ fún un kó tó mọ̀ pé orin náà ò mú wọn. Ohun tó o ń wá nínú gúrúùpù nìyẹn: ẹni tó máa gbè é. Má wo iye èèyàn tó wà nínú gúrúùpù. Iye tó dá ọ lóhùn ni kó o máa kà.

Wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí líǹkì rẹ. Ìyá kan jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà, fóònù dún, ó wò ó. Líǹkì ló rí, lábẹ́ rẹ̀ “Ẹ gbọ́ orin tuntun wa, ẹ bá wa pín in.” Kò mọ̀ ọ́ rí. Kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn gaïman, àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni. Tó bá sì gbójú gbóyà tẹ̀ ẹ́, fídíò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mẹ́gà tó rà láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́gà kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lọ́dọ̀ wa. Ìwọ náà á rántí 2018, nígbà tí ìjọba ní ká máa san 5 sẹ́fà lórí mẹ́gà kọ̀ọ̀kan tá a bá fi wo Facebook, WhatsApp àti irú wọn. Ariwo tó ta lórí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi fagi lé e.

Orin oníṣẹ́jú mẹ́ta tó jẹ́ mp3 lásán, tí wọ́n ṣe ní 128 kbps, ò tó mẹ́gà 3. Fídíò orin kan náà lè jẹ ìlọ́po mẹ́wàá ìyẹn, tó bá sì mọ́ gan-an, á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, gé ibi tó dùn jù nínú orin, bí ìdajì ìṣẹ́jú, kó o fi ohùn yẹn ránṣẹ́ tààrà sínú gúrúùpù. Kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ bi ọ́ pé níbo lòun ti lè rí èyí tó kù. Ẹni tó béèrè líǹkì á tẹ̀ ẹ́. Ẹni tí wọ́n ju líǹkì sí ò ní tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ gúrúùpù ló kàn. Mo fẹ́ kó o jáde kúrò nínú ìdajì wọn lónìí. Mo mọ irú wọn, mo wà nínú àwọn kan rí: àwọn tí orúkọ wọn jẹ́ olórin báyìí, oníṣẹ́-ọnà báyìí. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, líǹkì lórí líǹkì. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló ń tà, kò sẹ́ni tó ń rà. Ibi tá a ti ń rí olórin ẹlẹgbẹ́ ẹni ni irú ibẹ̀ tó bá dáa, ìyẹn náà sì ní ọ̀nà tá à ń gbà ṣe é, màá débẹ̀. Ibi tá a ti ń rí olólùfẹ́ kọ́ ni.

Àwọn tó máa fẹ́ràn orin yín ti wà níbì kan tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n wà nínú gúrúùpù àwọn ọmọ Kétu tó ń gbé Kútọnu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí. Wọ́n wà nínú gúrúùpù àwọn tó jọ jáde nílé-ìwé kan náà, nínú ti àwọn obìnrin tó jọ ń dá èésú, nínú ti ẹbí tí ọmọ wọn wà ní Paris, tí ìyá wọn wà nílé. Wọ́n sì wà ní òdìkejì ààlà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní 1889 ló fi Kétu síbí, tó fi Ìmẹ̀kọ sọ́hùn-ún. Ààlà ò pín ohùn. Ẹni tó wà ní Ìmẹ̀kọ, tó bá gbọ́ bó o ṣe ń pe ọ̀rọ̀ nínú orin yẹn, á mọ̀ pé ọmọ ilé ni. Èmi ní tèmi rò pé àwọn tó wà lọ́hùn-ún yẹn ló yẹ kó o kọ́kọ́ wá, torí ìgbọ́ran wọn yá, wọ́n pọ̀, kò sì tíì sí olórin láti apá tiwa tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ.

Àwọn kan tún wà tí o lè má rò ó kàn. Ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia ní Brazil, àwọn ilé Candomblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà wọn, pọ̀ tó ń pe ara wọn ní ọmọ orílẹ̀ Kétu, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọrin fún òrìṣà dòní. Àwọn ọ̀dọ́ wọn wà lórí Instagram àti Facebook, wọ́n ń wá ohun tó bá ti jẹ mọ́ Kétu lójú méjèèjì. Má gbé orin lọ síwájú wọn bí ẹni ń kiri ọjà o. Kí wọn. Fi ẹnubodè Àkàbà Ìdẹnà hàn wọ́n lórí fóònù rẹ, nígbà tí òòrùn àárọ̀ bá wà níbẹ̀, kó o sọ ìtàn rẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe sọ ọ́ fún ọ. Èdè Potogí ni wọ́n ń kọ, fóònù á bá ọ túmọ̀ rẹ̀, kò ní dára tán, wọ́n á gbọ́ ọ. Aago tiwọn fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa: aago mẹ́jọ alẹ́ ní Kétu, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà alẹ́ ni kó o máa kọ sí wọn.

Níbi tọ́rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí n sọ nǹkan kan nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Láti 2001 tí UNESCO ti kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, tí wọ́n sì tún wá fi sínú àkójọ wọn ní 2008, àwọn tó ń wá fídíò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò kéré. Ìdẹwò ńlá nìyẹn fún olórin ọmọ Kétu. Kì í ṣe gbogbo orin alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ló jẹ́ tìrẹ láti gbé síta. Àwọn kan wà tó jẹ́ orin ìjúbà, tó ní ẹni tó ń lé e àti ìgbà tí wọ́n ń lé e. Kó o tó fi gìtá sí ohun tó o gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà, lọ kí wọn nílé, kó o béèrè lọ́wọ́ wọn àti lọ́wọ́ Ìyálásè, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, pé èwo la lè fi ṣeré, èwo ni kó dúró síbi tó wà. Gba ohùn wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fún ọ láyè, bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Bí arìnrìn-àjò kan láti òkè òkun bá ní kó o fi èyí tó pamọ́ ránṣẹ́ sóun, sọ pé rárá. Ọ̀nà tó yára jù láti pàdánù àwọn olólùfẹ́ tó o ní nílé ni kí wọ́n rí ohun tí kò yẹ kí wọ́n rí lójú ìwé rẹ.

Ó yá, báwo la ṣe ń wọlé síbi tí àwọn èèyàn yẹn wà? Màá sọ ohun tí ọmọkùnrin kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ṣe ní Sábẹ (Savè), torí á yé ọ ju àlàyé lọ.

Ó ní orin kan lọ́kàn lórí ọkọ̀ ojú irin, ìyẹn ojú irin tó ti Kútọnu wá, tó gba Sábẹ kọjá lọ sí Paraku. Orin ò parí, kò tiẹ̀ ní ègbè. Ó wà nínú gúrúùpù àwọn ọmọ Sábẹ kan níbi tí wọ́n ti máa ń kéde òkú àti ìkómọ, kò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ orin níbẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó fi ohùn béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: “Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n máa ń tà létí ojú irin nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gbé èrò?” Gúrúùpù gbiná. Ọ̀kan ní wàgàsì, ìyẹn wàrà àwọn Fúlàní, ọ̀kan ní kò sí ohun tó dà bí ẹ̀pà sísè tibẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ibi tí ọkọ̀ máa ń dúró sí. Ìyá àgbàlagbà kan wá fi ohùn ránṣẹ́. Ariwo ewúrẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ kan ń pè é, kò dá ọmọ náà lóhùn. Ó ní òun gbé igbá sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láìmọye ìgbà, owó á ti ojú fèrèsé bọ́ sílẹ̀, òun á sì máa ju wàgàsì wọlé. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó sì ké igbe ọjà bó ṣe máa ń ké e nígbà náà. Ohùn rẹ̀ já níbi tó ga, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un ké.

Ọmọkùnrin yẹn fi igbe ọjà yẹn ṣe ègbè orin rẹ̀. Ó kọ́kọ́ lọ sílé ìyá náà lọ tọrọ rẹ̀, ó mú nǹkan lọ́wọ́. Ohùn ìyá gan-an ló bẹ̀rẹ̀ orin nígbà tó jáde, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ ìpín rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó fi orin náà sínú gúrúùpù, kò bẹ ẹnikẹ́ni kó pín in. Orin tiwọn ni wọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ ìyá yẹn nìkan, àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ láti Kútọnu títí dé Èkó, ti tó èrò ìgbéjáde.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ọ ò le. Wọ gúrúùpù, kó o dákẹ́ ná, kó o gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bá ẹni tí òfò ṣẹ̀ kẹ́dùn, kí ẹni tó bímọ, dá ẹni tó béèrè ọ̀nà lóhùn. Kí wọ́n mọ orúkọ rẹ kí wọ́n tó mọ orin rẹ. Nígbà tó bá tó àkókò, béèrè nǹkan lọ́wọ́ wọn ṣáájú kó o tó ní kí wọ́n gbọ́ nǹkan. Kọ sí ádímínì ní kọ̀rọ̀ pé olórin ni ọ́, ṣé wọ́n á gbà kó o máa fi orin síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹni tí wọ́n ti bi báyẹn kì í sábà kọ̀. Èyí tí wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ńkọ́? Kọ sí ádímínì rẹ̀, tọrọ àforíjì, má ṣàròyé, má sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ọ padà. Bó bá wù ú, á dá ọ padà.

Má ṣe máa kọ ohun gbogbo lọ́rọ̀ o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa níbí ló ń sọ Yorùbá látàárọ̀ ṣúlẹ̀ tí wọn ò kà á rí, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn níwèé, àwọn mìíràn ò sì lọ rárá. Bó o bá kọ Yorùbá gígùn, wọ́n á fò ó kọjá. Bó o bá kọ Faransé, ìyá tó ń ta wàgàsì ti jáde. Ohùn ni kó o máa fi ránṣẹ́, kí ó má sì ju ìṣẹ́jú kan lọ. Akọrin ni ọ́, ohùn rẹ sì ni ọjà rẹ. Má bẹ̀rù pé Yorùbá á dín èrò kù. Gnonnas Pedro, tó kú ní 2004, fi Yorùbá kún àwọn èdè tó fi kọrin. Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, ń kọrin ní Yorùbá àti Fọ̀n, ayé sì ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó o bá ti rí bí ọgbọ̀n èèyàn tó ń dá ọ lóhùn léraléra ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìgbà yẹn ni kó o dá ibùdó tìrẹ sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣáájú. Gúrúùpù WhatsApp lè gba èèyàn 1,024, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló ń rí nọ́ńbà ara wọn, ọ̀pọ̀ obìnrin ò sì fẹ́ ìyẹn, wọ́n sì jàre: àwọn ọkùnrin kan á mú nọ́ńbà, wọ́n á máa yọ wọ́n lẹ́nu. Bá wọn sọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń wọlé pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ń jáde lójú ẹsẹ̀, kó o sì mú un ṣẹ. Channel ti WhatsApp, tó dé ní 2023, ń fi nọ́ńbà pamọ́, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò lè jọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmì tàbí ìbò ni wọ́n sábà máa ń fi dáhùn. Èmi ò ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú channel láé. Àkójọ broadcast náà wà, tó ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, 256 èèyàn ló ń gbà, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà rẹ pamọ́ sínú fóònù rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ olórin ò mọ̀ nìyẹn, wọ́n á ní àwọn ránṣẹ́, wọn ò mọ̀ pé ìdajì ò gbà á. Ti Facebook, ṣí ojú ìwé olórin, má fi ti ara rẹ ṣe é, torí 5,000 ọ̀rẹ́ ni wọ́n máa dá ọ dúró sí.

Kí lo máa wá fi sínú gúrúùpù tìrẹ? Iṣẹ́ nígbà tó ń lọ lọ́wọ́. Orin tí ẹ kọ tí kò wọlé, tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí. Ìparí méjì fún orin kan, kí wọ́n mú ọ̀kan, kó o sì lo èyí tí wọ́n mú ní tòótọ́. Orin tó o lé láìsí ègbè, kí wọ́n fi ohùn tiwọn gbè é. Bí wọ́n bá fi ránṣẹ́, dá wọn lóhùn ní orúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, ìwọ fúnra rẹ. Ó máa ń gba àkókò, mo mọ̀. Pín in láàárín ẹ̀yin mẹ́ta, kí onígìtá máa mú ọjọ́ tirẹ̀.

Ó kù sí ọ̀rọ̀ àwọn olórin ẹlẹgbẹ́ yín, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí àṣìṣe tó pọ̀ jù. Ẹnì kan á kọ sí olórin tí kò mọ̀ rí: “Bọ̀ọ̀sì, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe orin.” Kí ló fẹ́ fi dá a lóhùn? Gbọ́ iṣẹ́ ẹni náà dáadáa ná. Kọ ohun kan pàtó tó o gbọ́ níbẹ̀: bó ṣe já omele sílẹ̀ kí ohùn tó wọlé, bó ṣe fa ọ̀rọ̀ kan gùn. Olórin mọ ẹni tó gbọ́ òun. Lẹ́yìn ìyẹn, fi nǹkan kékeré ránṣẹ́, ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú àyè sófo tí ọwọ́ tirẹ̀ lè wọ̀, kó o ní kó dán an wò bó bá wù ú, kó má sì ka ara rẹ̀ sí ẹni tó jẹ gbèsè bí kò bá wù ú. Má kọ sí àwọn tó ga jù lọ. Kọ sí ẹni tó wà níbi tẹ́ ẹ wà, tàbí ẹni tó fi ìgbésẹ̀ kan ṣíwájú. Má sì kọ sí olórin irú yín nìkan. Ẹni tó ń lu ìlù Gun dáadáa níbí ní Àjàṣẹ́ lè fún orin yín ní ohun tí onígìtá mẹ́wàá ò lè fún un.

Bẹ́ ẹ bá máa ṣiṣẹ́ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ìlù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwé á sọ pé kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ tó ń dún lọ́gbọọgba láti fi pa ìwọ̀n orin mọ́ (metronome), kí gbogbo yín tẹ̀ lé e. Fún orin mìíràn, òótọ́ ni. Ìlù tiwa máa ń sáré díẹ̀, á tún fà sẹ́yìn díẹ̀, ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Bó o bá fi tipátipá mú onílù rẹ tẹ̀ lé ẹ̀rọ, á lù ú bí ẹni tí wọ́n gbá mú lẹ́wù. Jẹ́ kó lu tirẹ̀, kí gìtá àti ohùn tẹ̀ lé ìlù. Kí ẹni tó ń kọrin sí i fi nǹkan sétí gbọ́ ìlù, kí ìlù má bàa wọ inú ohùn tó ń gbà. Kí gbogbo fáìlì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kan náà gan-an, kódà bí ẹnì kan ò bá dún títí dé àárín orin. Ìyẹn ni kì í jẹ́ kí àwọn tó wà lọ́nà jíjìn máa fà á sókè fà á sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ní 24 bit, 48 kHz, ẹ má fi ìró tó ń dún bíi tinú ihò àpáta (reverb) sí i. Bẹ́ ẹ bá máa fi WhatsApp ránṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ̀ǹtì, ẹ má fi í ránṣẹ́ bí ohùn lásán, torí WhatsApp máa ń fún ohùn àti fídíò pọ̀, wọ́n á sì bàjẹ́. Dọ́kúmẹ̀ǹtì ń dé bó ṣe rí, ó sì lè gba tó 2 GB. Bí kò bá sí kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ yín, BandLab, áàpù tí wọ́n fi ń gba orin sílẹ̀, wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ń jẹ́ kí èèyàn mẹ́ta, mẹ́rin jọ ṣiṣẹ́ lórí orin kan láì pàdé.

Kí orin tó jáde, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìjíròrò yín gan-an: ta ló dá ohùn orin, ta ló kọ ọ̀rọ̀, ta ló lù, ìpín mélòó ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo wọn dáhùn “mo gbà,” kẹ́ ẹ sì pa á mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ jẹun nínú àwo kan ni mo ti rí tí wọn ò kí ara wọn mọ́ nítorí orin tó mówó wọlé díẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo oníṣẹ́-ọnà wà ní Benin láti 2006, ọ́fíìsì tá a mọ̀ sí BUBEDRA ló sì ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́. Ẹ lọ béèrè níbẹ̀ kí orin tó di ńlá.

Wàyí o, 50,000 yẹn. Ohun tí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ń tà ni ìgbọ́ orin tí ẹ̀rọ ń gbọ́. Láti 2024, Spotify, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í san kọ́bọ̀ lórí orin tí wọn ò bá tíì gbọ́ tó 1,000 ìgbà láàárín oṣù 12, ìyẹn ló sì ń kó àyà àwọn ọ̀dọ́ jẹ tí wọ́n fi ń ra ìgbọ́. Spotify kan náà ń bu owó ìtanràn lé àwọn tó ń bá olórin gbé orin síta, bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀rọ ló ń gbọ́ orin kan lọ́pọ̀lọpọ̀, owó yẹn sì lè sọ̀ kalẹ̀ sọ́rùn olórin, tàbí kí wọ́n mú orin náà kúrò. Wàá fi owó rẹ ra ìyà. Ẹ fi 50,000 yẹn sanwó ọkọ̀ onílù kan láti Pọbẹ̀, kẹ́ ẹ fi èyí tó kù jẹun.

Nǹkan méjì kékeré kó o tó lọ. Tó o bá ti ní orúkọ díẹ̀, ẹnì kan á fi àwòrán rẹ ṣí ojú ìwé mìíràn, á máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ. Jẹ́ kí gúrúùpù mọ nọ́ńbà MoMo (owó orí fóònù) kan ṣoṣo tó jẹ́ tiyín àti orúkọ tó máa jáde lórí rẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé kò sí òmíràn. Ẹ ti WhatsApp yín pa pẹ̀lú nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ kejì, ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà mẹ́fà tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló béèrè. Èkejì, wọ́n á bú ọ. Má bú wọn padà nínú gúrúùpù, torí òfin íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní 2018 lè mú ẹni tó bá ń yọ èèyàn lẹ́nu níbẹ̀. Yọ ẹni náà kúrò, kó o máa bá iṣẹ́ lọ.

Owó lọ́wọ́ àwọn olólùfẹ́ ńkọ́? O ò béèrè, ṣùgbọ́n wàá béèrè. Má tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn títí ìwọ àti wọn á fi jọ ṣe orin kan tán. Lẹ́yìn ìyẹn, sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe ní pàtó: ọjọ́ méjì ní sítúdíò, awọ ìlù tuntun, owó ọkọ̀. Sọ iye rẹ̀, kó o sì fi rìsíìtì hàn wọ́n nígbà tẹ́ ẹ bá ná an tán.

Ẹ tún orin kejì yẹn ṣe, kí ohùn wà lókè gìtá. Bẹ́ ẹ bá parí rẹ̀, fi í ránṣẹ́ sí mi. Gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ̀ǹtì o, jọ̀ọ́.